Ẹ gbé ọṣẹ yẹn sílẹ̀: nẹ́gẹ́tíìfù Bàbá tó wà nínú agolo

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa ṣiṣẹ́ fọ́tò l'Óṣogbo láti bíi 1962 kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n ti dolóògbé báyìí. Lóṣù tó kọjá, níbi tá a ti ń palẹ̀ yàrá wọn mọ́, la rí agolo bisikíìtì kan tí nẹ́gẹ́tíìfù (fíìmù tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò) kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, àwọn kan fẹ̀, àwọn kan rí tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ihò-ihò létí. Eruku ti bò wọ́n, àbúrò mi wá ní ká fi omi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, pàápàá èyí tó jẹ́ ti màmá wa, torí ìlà pẹ́ńsùlù wà lójú wọn. Báwo la ṣe máa rí fọ́tò yọ nínú ẹ̀, ká sì fi ránṣẹ́ sáwọn ẹ̀gbọ́n wa ní London? – Ọmọ Fọtogíráfà, Òṣogbo

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àbúrò yín kó gbé ọṣẹ yẹn sílẹ̀ kíá! Ìlà pẹ́ńsùlù yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí o, iṣẹ́ ọwọ́ bàbá yín ni. Láyé ìgbà yẹn kò sí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún ojú èèyàn ṣe, pẹ́ńsùlù tí wọ́n gbẹ́ ẹnu ẹ̀ ṣóṣóró ni wọ́n fi ń rọra kun nẹ́gẹ́tíìfù, torí ibi tó bá mọ́ lára nẹ́gẹ́tíìfù ló máa dúdú nínú fọ́tò, tí wọ́n bá ti kun ibẹ̀ díẹ̀, àpá irorẹ́ àti ojú tó hunjọ á pòórá. Bàbá yín ló jókòó ti ojú màmá níjọ́ náà, tí wọ́n ń tún un ṣe. Ẹ má nù ún.

Omi gan-an léwu. Jẹlátíìnì ló wà lójú ibi tí kò dán, òun ló gbé àwòrán dúró, tí ooru bá sì ti jẹ́ kó hu èbu, omi lásán lè yọ́ ọ dànù. Rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ikun nímú ọmọ, tuntun o, ni kẹ́ ẹ fi fẹ́ eruku kúrò. Àwọn tó bá lẹ̀ mọ́ra, ẹ má fà wọ́n ya. Ẹ tún gbóòórùn agolo yẹn: tó bá ń kan bíi fíníga, fíìmù ti ń bàjẹ́ nìyẹn, kò sì ní àtúnṣe, àwọn tó ń kan yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ fọ́tò wọn, kẹ́ ẹ sì yà wọ́n sọ́tọ̀ kí wọ́n má ba ti àwọn yòókù jẹ́.

Skánà tí wọ́n ń lò ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kò lè ṣe é, iná ní láti gba inú nẹ́gẹ́tíìfù kọjá, èyí tó níná nínú ìdérí ẹ̀ lẹ máa wá. Ẹ ní kí wọ́n fi sí 2400 dpi (ìyẹn iye àmì tíntìntín tó máa wà nínú ínṣì kan), tẹ́ẹ́rẹ́ oníhò yẹn á fún yín ní fọ́tò tó fẹ̀ tó bíi ínṣì 7, tó gùn tó bíi ínṣì 11, tó mọ́ kedere, èyí tó fẹ̀ á tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí kò bá sí, ẹ jẹ́ kí tábílẹ́ẹ̀tì tàn funfun nínú òkùnkùn, ẹ gbé gíláàsì sókè díẹ̀ lórí ẹ̀, ẹ tẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù sí i, kí ojú tó ń dán kọjú sí fóònù yín kí àwòrán má baà yí òsì sọ́tùn-ún, ẹ wá fi áàpù tó ní invert (èyí tó ń sọ dúdú di funfun, funfun di dúdú) yí i padà. Tẹ́ ẹ bá ń fi ránṣẹ́ sí London lórí WhatsApp, bíi document ni o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á fún un pọ̀.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún láwọn ọdún 1970, tí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú, fọtogíráfà á ya èyí tó kù, á wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sínú fọ́tò kan kí àwọn méjèèjì lè jọ jókòó. Tó bá jẹ́ akọ àti abo ni wọ́n, ọmọ kan náà á wọ aṣọ ọkùnrin, á tún wọ ti obìnrin. Tẹ́ ẹ bá rí irú nẹ́gẹ́tíìfù méjì bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yà wọ́n.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán, ẹ má sọ agolo nù. Ẹ kó àwọn nẹ́gẹ́tíìfù náà sínú àpò pépà, kì í ṣe ọ̀rá, ẹ má sì gbé e sókè àjà lábẹ́ páànù tó ń gbóná. Kí màmá tó sùn lálẹ́ yìí, ẹ fi ojú wọn yẹn hàn wọ́n lórí fóònù, kẹ́ ẹ bi wọ́n ẹni tó rán aṣọ tó wà lọ́rùn wọn.