Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Iná Ìta Tó Ń Wọ Yàrá Aládùúgbò

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, lẹ́yìn tí olè fọ́ ilé kan ládùúgbò wa, bàbá àwọn ọmọ mi ra iná sólà ńlá méjì, wọ́n gbé e sórí fẹ́ǹsì, wọ́n sì kọjú rẹ̀ sójú títì. Màmá àgbàlagbà tó ń gbé ní ọ̀kánkán wa ní láti ọjọ́ náà ni àwọn kò ti rí oorun sùn, torí yàrá àwọn ń mọ́lẹ̀ yòò mọ́jú. Ọkọ mi ní ààbò ló ṣáájú. Ojú ń tì mí láti kí màmá láàárọ̀. Kí ni ká ṣe? — Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn.

Èsì: A kò ní sọ pé kí ẹ pa iná náà, torí ẹ̀rù olè kì í ṣe ẹ̀rù asán. Ohun tí a fẹ́ kí ọkọ yín gbé yẹ̀ wò ni pé bí wọ́n ṣe kọjú rẹ̀ kò dáàbò bò yín tó bí wọ́n ṣe rò. Kí wọ́n jáde sójú títì lálẹ́, kí wọ́n wo ilé láti ibẹ̀. Nígbà tí iná tó lágbára bá kọjú sí ènìyàn, ọmọlójú rẹ̀ á sún kì láti dín ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé kù, ibi tí iná kò dé yóò sì wá ṣókùnkùn lójú rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá lúgọ sí ẹ̀yìn iná náà yóò máa rí yín kedere, ẹ̀yin kò sì ní rí i.

Ẹ da ojú iná délẹ̀, kí ó máa tàn sí ẹnu géètì àti ẹsẹ̀ fẹ́ǹsì tí ẹ fẹ́ ṣọ́. Ẹ tọrọ ààyè lọ́wọ́ màmá, kí ẹ dúró létí fèrèsé wọn lálẹ́, kí ọkọ yín máa yí iná náà díẹ̀díẹ̀ títí ẹ kò fi ní rí gílóòbù rẹ̀ mọ́ láti ibẹ̀. Bí kò bá ṣeé tẹ̀, ẹ ní kí onípáànù ṣe ìbòrí kékeré sí i lórí, àmọ́ kó má ṣe ṣíji bo páńẹ́ẹ̀lì tó ń gba oòrùn.

Ọ̀pọ̀ iná sólà tún ní ẹ̀rọ tó ń mọ̀ bí nǹkan bá rìn níwájú rẹ̀. Ẹ lò ó. Iná tó ń tàn mọ́jú kì í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ṣùgbọ́n èyí tó ṣàdédé tàn ní aago méjì òru yóò mú kí èèyàn yọjú, bátìrì náà yóò sì pẹ́ di ìdájí lásìkò òjò.

Ó ku àwọ̀ iná, níbi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe àṣìṣe lọ́jà, tí a rò pé èyí tó funfun jù ló lágbára jù. Ẹ wo páálí rẹ̀ (K ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ iná): 6500K ni iná funfun tó fẹ́ẹ́ dà bíi búlúù, 2700K sì ni èyí tó pupa rúsúrúsú bíi gílóòbù àtijọ́. Búlúù inú iná funfun ni afẹ́fẹ́ ń fọ́n ká jù, tí ojú ọ̀run ìlú fi ń funfun tí ìràwọ̀ sì ń pòórá. Òun náà ló ń tan ọpọlọ jẹ jù pé ilẹ̀ kò tíì ṣú, tí oorun fi ń jìnnà sí èèyàn bíi màmá. Ẹ má ra èyí tó bá ju 3000K lọ. (Kòkòrò kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rọ́ sí iná tó pupa rúsúrúsú, ẹni tó bá ti gbá èsúnsún lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ yóò mọ iyì rẹ̀.)

Ìbéèrè: Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé. Iná ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò wa ń tàn mọ́jú sínú yàrá àwọn ọmọ mi, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé òfin wà fún un? — Bàbá Tóbi.

Èsì: Ó wà. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2005 fi irú iná bẹ́ẹ̀ kún ohun ìdààmú tí káńsù gbọ́dọ̀ wádìí lábẹ́ òfin àyíká ti ọdún 1990, gẹ́gẹ́ bí ariwo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kan pápákọ̀ òfuurufú àti irú rẹ̀. Bí wọ́n bá rí i pé òótọ́ ni, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé àṣẹ pé kó dáwọ́ dúró. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí iná náà ń tàn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ kí ẹ tó kọ̀wé sí wọn.