Kí ló ń mú kí ẹ̀rọ tó ń fi áírísì dá èèyàn mọ̀ kùnà nínú oòrùn, kí sì ni àtúnṣe rẹ̀?

Ìmọ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan sọ́fítíwíà. Áírísì ni òrùka aláwọ̀ tó yí ọmọlójú ká. Nínú ojú búráùn tó ṣú, bíi ti ọ̀pọ̀ nínú wa, mẹ́lánì, ìyẹn èròjà tó ń mú kí ojú dúdú, máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ lásán mì, kámẹ́rà ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ rí àwọn ìlà inú áírísì tó fi ń dá èèyàn mọ̀. Infrared, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí, tí ìgbì rẹ̀ gùn tó 700 sí 900 nánómítà, ló ń fi àwọn ìlà náà hàn. LED (iná kéékèèké) tí ìgbì rẹ̀ jẹ́ 850 nánómítà wọ́pọ̀ dáadáa.

Oòrùn náà ní infrared nínú. Ó ń jẹ́ kí ohun tó wà láyìíká hàn lórí ojú bíi nínú dígí, ó sì ń mú kéèyàn dijú. Ẹ fi fílítà tó ń gba kìkì ìgbì LED yín wọlé síwájú lẹ́ńsì, kí LED sì máa kọ mànà ní àsìkò tí kámẹ́rà ń ya àwòrán gan-an. Bí àkókò yíyà bá kúrú, àwòrán ò ní ṣe bàìbàì tí ẹni náà bá mira. Ẹ má kàn máa fi iná kún iná o, ojú èèyàn ni: ẹ tẹ̀lé IEC 62471, ìyẹn òdiwọ̀n àgbáyé fún ààbò ojú àti awọ ara lọ́wọ́ iná.

Kí áírísì fẹ̀ tó 200 píksẹ́lì (àwọn àmì tóótòòtó tó para pọ̀ di àwòrán). Kí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ yà bọ́ awò ojú. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ gbé iná sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ ya àwòrán púpọ̀, kẹ́ ẹ mú èyí tó mọ́ jù.

Hamming distance, ìyẹn iye tó ń fi bí áírísì méjì ṣe yàtọ̀ síra hàn, ńkọ́? Nǹkan bíi 0.32 la sábà máa ń fi ṣe ààlà: bí iye náà bá kéré sí i, ẹ̀rọ á gbà pé ẹnì kan náà ni. Ẹ má tìtorí àwòrán burúkú gbé ààlà náà sókè, torí ẹlòmíì lè gbabẹ̀ wọlé.