Ṣé fítámì D lè wo ọmọ tí ẹ̀pà kì í bá lára mu?

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Màmá. Ẹ ní ojú ọmọ yín máa ń wú tó bá ti jẹ ẹ̀pà, aládùúgbò yín ní Kubwa, nílùú Abuja, sì ní kí ẹ máa fún un ní fítámì D. Kò lè wò ó.

Òótọ́ ni pé fítámì D ń ran àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbógun ti àìsàn lọ́wọ́. Ó ń jẹ́ kí wọ́n pèsè èròjà tó ń pa kòkòrò, ó sì ń fún àwọn tó ń pẹ̀tù síjà lágbára, kí ara má baà ka oúnjẹ sí ọ̀tá. Ìwádìí kan tó jáde ní Ọsirélíà ní 2013 so àìtó rẹ̀ pọ̀ mọ́ kí ẹ̀pà máa da ọmọ ọwọ́ láàmú, ṣùgbọ́n àbájáde àwọn ìwádìí mìíràn kò bára mu.

Oòrùn ló ń jẹ́ kí ara pèsè fítámì D. Oòrùn Abuja pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọmọ tó wà nínú ilé látàárọ̀ kì í rí i. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, fítámì D tó tó 400 IU (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn fítámì) lóòjọ́ ni wọ́n ń dábàá. Ẹ má fi kún un fúnra yín: àpọ̀jù rẹ̀ ń ba kíndìnrín jẹ́.

Ohun tó ká mi lára jù ni ẹ̀pà tó fara pamọ́. Kúlíkúlí wà nínú yájì tí wọ́n ń bu sí súyà. Ẹ̀pà wà nínú dankúwà (ìpanu àwọn Hausa) àti miyan taushe (ọbẹ̀ elégédé wọn) pẹ̀lú. Ẹ mú ọmọ lọ rí dókítà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ètè rẹ̀ bá wú tàbí tí kò lè mí dáadáa, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni o!