Mo ti parí probation mi tipẹ́: ṣé mo lè ra ìbọn ní Texas?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà wa. Houston ni mò ń gbé, mo sì ti di ọmọ onílùú kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀. Ní 2011, mo ní ẹjọ́ ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nídìí. State jail felony (ìpele tó kéré jù nínú felony, ìyẹn ẹ̀ṣẹ̀ ńlá) ni wọ́n pè é, adájọ́ sì fún mi ní probation ọdún mẹ́ta, ìyẹn ni pé wọ́n ń ṣọ́ mi níta dípò ẹ̀wọ̀n. Mi ò sun ẹ̀wọ̀n ọjọ́ kan. Wọ́n ti wá ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù mi báyìí. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní bí ọdún márùn-ún bá ti kọjá, Texas gbà kéèyàn ní ìbọn. Ṣé kí n lọ rà á? Àbí kí ìyàwó mi rà á?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìnira ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ kò purọ́, àmọ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ, àbọ̀ tó kù ló sì ń gbé èèyàn dẹ́wọ̀n.

Lóòótọ́, òfin Texas gbà kí ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi felony ní ìbọn nínú ilé tó ń gbé, bí ọdún márùn-ún bá ti kọjá lẹ́yìn tó jáde lẹ́wọ̀n tàbí tó parí probation. Inú ilé nìkan o. Kò kan ṣọ́ọ̀bù, kò kan mọ́tò. Ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ní òfin tirẹ̀ láti 1968, ìyẹn ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ ọdún márùn-ún. Ẹni tí wọ́n bá ti dá lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè ju ọdún kan lọ kò gbọdọ̀ ní ìbọn, kò sì gbọdọ̀ ní ọta, ì báà ṣe ẹyọ kan. Láti 2022, ẹ̀wọ̀n tó wà nídìí ẹ̀ lè tó ọdún 15. (Ṣakabùlà àtijọ́ tí wọ́n ń ki ẹ̀tù sí lẹ́nu kò sí lára ohun tí òfin àpapọ̀ yẹn ń pè ní ìbọn, àmọ́ mi ò rò pé ìyẹn lẹ fẹ́ fi ṣọ́ ọjà.)

Pé ẹ ò sun ẹ̀wọ̀n kò tún nǹkan kan ṣe. Fọ́ọ̀mù 4473 tí wọ́n máa ń fún èèyàn kọ níbi tí wọ́n ti ń ta ìbọn kì í béèrè iye ọjọ́ tí ẹ lò. Ohun tó ń béèrè ni bóyá wọ́n ti dá yín lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tí adájọ́ ì bá fi rán yín lẹ́wọ̀n ju ọdún kan lọ, kódà bó jẹ́ probation ló fún yín. State jail felony lè gba ọdún méjì. Tí ẹ bá sì kọ “rárá” síbẹ̀, irọ́ yẹn fúnra rẹ̀ ti di ẹjọ́ tuntun.

Nítorí náà, ìwé ẹjọ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ gbà. Ẹ lọ sọ́dọ̀ Harris County District Clerk, ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́, kí ẹ wo àkọlé rẹ̀. Bó bá jẹ́ “Order of Deferred Adjudication” (adájọ́ fún yín ní probation láì tíì dá yín lẹ́bi) ló wà níbẹ̀, tí ẹ sì parí probation náà láìsí wàhálà, Texas kò kà á sí ìdálẹ́bi, òfin ìbọn àpapọ̀ náà sì ń tẹ̀ lé ohun tí ìpínlẹ̀ bá sọ níbí. Ọ̀rọ̀ lè parí síbẹ̀. (Àwọn aláṣẹ immigration ò gba èyí o: ẹni tó bá wà lórí green card kó má fi ìdáhùn yìí ṣe tirẹ̀.)

Bó bá jẹ́ “Judgment of Conviction” (ìdájọ́ pé ẹ jẹ̀bi) ni, ọ̀nà rẹ̀ jìn. Ẹ lè bẹ̀bẹ̀ fún ìdáríjì gómìnà, àmọ́ gómìnà Texas kò lè dá ẹnikẹ́ni jì láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ Pardons and Paroles dámọ̀ràn rẹ̀. Bí ẹ bá rí i gbà, ẹ lè wá ní kí ilé ẹjọ́ pa àkọsílẹ̀ náà rẹ́. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn, bó tilẹ̀ ń pẹ́, torí pé òfin àpapọ̀ kò ka ẹjọ́ tí wọ́n bá ti dárí rẹ̀ jini tàbí tí wọ́n pa rẹ́ mọ́, àyàfi bí ìwé náà bá sọ pé ẹ ò gbọdọ̀ ní ìbọn. Ẹ ka ìwé ọ̀hún délẹ̀.

Ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ náà wà. Láti 1992 ni Ilé Aṣòfin kì í ti í fún ATF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn, lówó láti yẹ ẹ̀bẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan tó fẹ́ gba ẹ̀tọ́ ìbọn rẹ̀ padà wò, bí ilẹ̀kùn tí wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ. Ní 2025 ni Attorney General, olórí agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀, gba iṣẹ́ náà padà, tí wọ́n sì gbé àbá ìlànà tuntun jáde. Ẹjọ́ tí kò la ìwà ipá lọ wà ní ipò tó sàn jù nínú àbá yẹn.

Ní ti kí ẹ pe ìjọba lẹ́jọ́ pé òfin àpapọ̀ yìí tẹ ẹ̀tọ́ yín láti ní ìbọn lójú, mi ò ní tàn yín. Bryan Range, tó purọ́ gba food stamps ní Pennsylvania ní 1995, jàre ní ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Philadelphia. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti New Orleans ni Texas wà lábẹ́ rẹ̀, ilé ẹjọ́ ọ̀hún sì sọ nínú ẹjọ́ Diaz ní 2024 pé wọ́n lè gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tó jí mọ́tò, torí pé láyé ijọ́un, wọ́n ń pa olè ni. Ẹjọ́ ṣẹ́ẹ̀kì yín kò jìnnà sí olè lójú òfin.

Ìyàwó yín lè ra tirẹ̀ fún ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fi owó rán an, tàbí pé ẹ mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ àpótí rẹ̀ wà, wọ́n lè sọ pé ìbọn yín ni. Ọmọ iṣẹ́ yín pẹ̀lú, tó bá mọ̀ nípa ẹjọ́ yín, òfin kò gbà kó máa gbé ìbọn lẹ́nu iṣẹ́ tó ń ṣe fún yín. Ẹ ṣe ilẹ̀kùn irin, ẹ gbé kámẹ́rà sókè, ẹ sì pe àwọn insurance kí oṣù yìí tó parí.