Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Dẹ́ńsítì àti Òṣùwọ̀n Rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé kan sọ pé dẹ́ńsítì irin jẹ́ 7.87. Òmíràn ní 7,870 ni. Èwo ni ká gbà nínú méjèèjì?

Ìdáhùn: Méjèèjì ni kí ẹ gbà. Ohun tí ẹ fò nígbà tí ẹ ń kọ̀wé sí wa ni òṣùwọ̀n tó tẹ̀lé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà. Dẹ́ńsítì ni èsì tí a máa ń rí tí a bá pín ìwúwo nǹkan sí iye àyè tó gbà. Ìwé àkọ́kọ́ lo g/cm³: iye gíráàmù irin tó wà nínú àyè kékeré kan tí òòró, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan. Ìwé kejì lo kg/m³: iye kílógíráàmù tó wà nínú àyè tí òòró, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Mítà kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 100, nítorí náà àpótí oní-mítà kan yóò gba 100 × 100 × 100 àpótí oní-sẹ̀ǹtímítà kan. Mílíọ̀nù kan gééré nìyẹn. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá wúwo tó gíráàmù 7.87, àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́ gíráàmù 7,870,000, ìyẹn kílógíráàmù 7,870. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ nọ́ńbà g/cm³ di ìlọ́po 1,000 kó tó di kg/m³. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé ìlọ́po 100 ni wọ́n máa ń lò, torí wọ́n gbàgbé pé òòró nìkan kọ́ ni àyè ní, ó ní ìbú àti gíga pẹ̀lú.

Tí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ fi omi dán an wò: 1 ni omi ní g/cm³, 1,000 ni ní kg/m³. Irin máa ń rì sínú omi. Bí ìṣirò yín bá wá sọ pé irin jẹ́ 787 kg/m³, tó kéré sí ti omi, ẹ ti ṣì í nìyẹn. Ẹni tó bá rí kg/L (kílógíráàmù nínú lítà kan) tàbí g/mL (gíráàmù nínú mìlílítà kan) kò ní láti ṣe ìṣirò kankan, nọ́ńbà kan náà ni pẹ̀lú g/cm³.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mọ̀ bóyá wúrà ni òrùka mi. Mo jù ú sínú ìgò gbọọrọ tí wọ́n fàlà sí lára, ṣùgbọ́n omi náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sún rárá.

Ìdáhùn: Kò lè sún tó bí ẹ ṣe rò. Òrùka kò sábà gbà tó mìlílítà kan, ojú kò sì lè ka ìyẹn lára ìgò. Ẹ lo síkéèlì tó ń ka gíráàmù dé 0.01. Ẹ kọ́kọ́ wọn òrùka náà ní gbígbẹ, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gbé ife omi lé síkéèlì, kí ẹ dá a padà sí òdo. Ẹ wá fi òwú tínrín so òrùka náà, kí ẹ rọra sọ̀ ọ́ sínú omi títí yóò fi rì tán, láìjẹ́ kó kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ife. Ọwọ́ yín ni yóò ṣì gbé e dání. Iye gíráàmù tí síkéèlì bá kà nígbà yẹn ni iye cm³ tí òrùka náà gbà, nítorí pé omi ń ti òrùka sókè, òrùka náà sì ń ti omi sísàlẹ̀ ní ìwọ̀n omi tó gba àyè rẹ̀.

Ká ní gíráàmù 5.10 ni ní gbígbẹ, síkéèlì sì ka 0.60 nínú omi: 5.10 ÷ 0.60 jẹ́ 8.5 g/cm³. Idẹ ló máa ń wà níbẹ̀ yẹn. Wúrà tí kò ní àdàlù jẹ́ 19.3, ti kárátì 18 (èyí tí ìdá 18 nínú 24 rẹ̀ jẹ́ wúrà) sì wà láàárín 15 sí 16.

Bí òrùka bá kan ìsàlẹ̀ ife, ìwúwo rẹ̀ yóò bọ́ sórí síkéèlì, dẹ́ńsítì á sì jáde ní kékeré. Afẹ́fẹ́ tó bá lẹ̀ mọ́ ọn lára bí ilẹ̀kẹ̀ kéékèèké náà máa ń dín in kù; ẹ fi ọṣẹ olómi díẹ̀ pa òrùka náà kí ẹ tó rì í, kí ẹ sì gbọ̀n ọ́n díẹ̀ nínú omi. Òrùka tó ní òkúta lára kò ṣe é wọ̀n báyìí, nítorí òkúta náà ní dẹ́ńsítì tirẹ̀. Ohun kan tún wà tí a ò gbọdọ̀ fi pamọ́ fún yín: irin kan wà tó ń jẹ́ tungsten tí dẹ́ńsítì rẹ̀ jẹ́ 19.25. Bí èsì bá jẹ́ 8.5, ó dájú pé kì í ṣe wúrà; bí ó bá jẹ́ 19.3, ó ṣì yẹ kí oníṣẹ́ wúrà yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìbéèrè: Ṣé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 máa ń wúwo tó kílò 25?

Ìdáhùn: Tó bá jẹ́ omi ló wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, yàtọ̀ sí ìwúwo kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀. Dísù tó jẹ́ 0.84 kg/L yóò jẹ́ kílò 21. Pẹtiróòlù tó jẹ́ 0.74 yóò jẹ́ 18.5. Ooru sì máa ń yí i padà: pẹtiróòlù máa ń wú ní nǹkan bí ìdá kan nínú 1,000 fún ìdíwọ̀n Celsius kọ̀ọ̀kan. Lítà 1,000 tí wọ́n wọ̀n ní 15°C yóò di nǹkan bí 1,019 ní 35°C, ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ kò ní fi gíráàmù kan pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ta epo lọ́pọ̀ yanturu fi máa ń kọ ìdíwọ̀n ooru mọ́ dẹ́ńsítì.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí àwọn kan fi ń kọ dẹ́ńsítì yanrìn ní 2.65, tí àwọn mìíràn ń kọ 1.6?

Ìdáhùn: 2.65 g/cm³ ni ti hóró yanrìn fúnra rẹ̀. 1.6 ni ti yanrìn gbígbẹ nínú garawa, níbi tí afẹ́fẹ́ ti gba àárín àwọn hóró náà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye kílò tí ọkọ̀ yóò rù, 1.6 ni kí ẹ lò, kí ẹ sì rántí pé yanrìn tí wọ́n gbọ̀n tàbí tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.