Ewúro Kò Lè Fọ Òjé Tó Ṣì Ń Wọlé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Iṣẹ́ bátìrì ọkọ̀ ni mò ń ṣe l'Abẹ́òkúta. À ń tú àlòkù, à ń yọ́ òjé inú rẹ̀. Ó di ọdún mẹ́ta tí mo ti gbéyàwó, kò tíì lóyún, àyẹ̀wò sì fi hàn pé àtọ̀ mi kò tó. Àwọn ọ̀rẹ́ ní kí n máa mu omi ewúro àti sóbò, pé yóò fọ òjé náà dànù. Ife mélòó lójúmọ́?

ÌDÁHÙN: Kò sí iye ife tó lè fọ òjé kúrò lára yín. Àwọn ọ̀rẹ́ yín kò kúkú parọ́ tán. Tí òjé bá dé kórópọ̀n, ó ń mú kí èròjà kan pọ̀ níbẹ̀ tó ń jẹ ọ̀rá ara àtọ̀ bí ògùn-ún ṣe ń jẹ irin. Antioxidant (èròjà tó ń dènà irú ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀) inú ewúro, sóbò àti tòmátì lè pa èròjà yìí. Àmọ́ ara eku ni wọ́n ti rí ọ̀pọ̀ ẹ̀rí náà.

Ibi iṣẹ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Yíyọ́ òjé ní gbangba ló burú jù, torí èéfín rẹ̀. Aṣọ tí ẹ fi bo imú kò dá a dúró. Ẹ fi apá yẹn sílẹ̀. Ẹ má gbá ilẹ̀ ní gbígbẹ, ẹ fi omi rin ín kí eruku má baà sọ. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ kí ẹ tó jẹun tàbí mu sìgá, kí aṣọ àti bàtà iṣẹ́ má sì délé. Ilé pẹ̀lú ńkọ́? Òjé gan-an ni ọ̀pọ̀ tìróò tí wọ́n ń tà lọ́jà.

Ẹ má fi inú òfìfo lọ síbi iṣẹ́, torí òjé máa ń wọ ara jù lásìkò yẹn. Oúnjẹ tó ní èròjà irin (iron) àti kálísíọ́mù (calcium) ló ń dín in kù: ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹja kéékèèké tí a ń jẹ teegunteegun. Ẹ se tòmátì pẹ̀lú epo, kí ẹ má sì dá iná sí epo pupa títí tí yóò fi funfun; antioxidant rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Sóbò kan wà tó jẹ́ ìṣòro: èyí tí wọ́n sè nínú ìkòkò tí wọ́n fi àlòkù irin rọ. Kíkan sóbò lè fa òjé inú irin náà jáde sínú ife yín.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò òjé inú ẹ̀jẹ̀. Tó bá tó 5 µg/dL, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí wọ́n wá ibi tó ti ń wọlé. Tó bá ga púpọ̀, dókítà ló lè pinnu bóyá ẹ nílò oògùn tó ń fà á jáde. Ẹ má fúnra yín rà á. Èyí tó ti wọ eegun máa ń pẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àtọ̀ tuntun ń gba nǹkan bí oṣù méjì ààbọ̀ kó tó gbó, nítorí náà ẹ tún àyẹ̀wò àtọ̀ ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí ẹ ti kúrò nídìí iná. Ẹ má bá ìyàwó sùn fún ọjọ́ 2 sí 7 ṣáájú, ẹ má gba àtọ̀ náà sínú kọ́ńdọ̀ọ̀mù, kó sì dé yàrá àyẹ̀wò láàárín wákàtí kan. Kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iṣan wú nínú àpò kórópọ̀n yín, kí ìyàwó náà sì ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀ lásìkò kan náà.