Aago oòrùn London ní Ìbàdàn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra aago oòrùn onídẹ kan ní London, mo gbé e wá sí Ìbàdàn, mo sì dè é mọ́ orí sìmẹ́ǹtì nínú ọgbà. Mo fi kọ́ńpáàsì wá àríwá dáadáa, síbẹ̀ kò bá fóònù mi mu. Ṣé wọ́n lù mí ní jìbìtì ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Aago yín ò bàjẹ́, ìlú tí wọ́n ṣe é fún ló ṣì ń kà.

Irú rẹ̀ ti ṣe àwọn ará Róòmù rí. Lọ́dún 263 ṣáájú Kristi, Valerius Messalla, olórí ogun Róòmù, ṣẹ́gun Catania ní Sísílì, ó sì kó aago oòrùn wọn wálé bí ìkógun. Pliny, òǹkọ̀wé Róòmù àtijọ́, kọ ọ́ pé ìlà rẹ̀ kò bá wákàtí Róòmù mu, síbẹ̀ ọdún 99 gbáko ni wọ́n fi tẹ̀ lé e! Ìgbà tó di 164 ṣáájú Kristi ni Marcius Philippus tó gbé èyí tó péye sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, dígírì mẹ́rin àti díẹ̀ péré ló wà láàárín ìlú méjèèjì. London sí Ìbàdàn tó 44.

Iye dígírì tí ìlú fi jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé ni irin tó ń ṣẹ́ òjìji gbọ́dọ̀ fi gbérí sókè nílẹ̀. Ti London lé ní 51. Ti Ìbàdàn ò ju 7 lọ púpọ̀. Ẹ má tẹ irin náà o, torí òun àti ìlà ojú aago jọ bára mu ni. Apá gúúsù aago ni kí ẹ gbé sókè, kí gbogbo rẹ̀ dagẹ̀ẹ́rẹ́ sí àríwá ní dígírì 44, bí òrùlé. Tó bá di Dìsẹ́ńbà, oòrùn ò ní kan ojú rẹ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́jọ tirẹ̀, yóò sì kúrò níbẹ̀ ní bíi mẹ́rin. Ọjọ́ kúkúrú ti London náà nìyẹn.

Fóònù ṣì máa yàtọ̀ sí i. Dígírì 15 sí ìlà-oòrùn Greenwich ni wọ́n fi ka aago Nàìjíríà, Ìbàdàn sì wà ní bíi 4. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni dígírì kan. Nítorí náà, nígbà tí aago oòrùn bá lu méjìlá, méjìlá kọjá ìṣẹ́jú 44 ni fóònù máa sọ. Láàárín Fẹ́búárì, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di aago kan. Níbẹ̀rẹ̀ Nòfẹ́ńbà, á sún mọ́ méjìlá ààbọ̀, torí ìrìn ayé yí oòrùn ká máa ń yá, ó sì máa ń falẹ̀, ayé fúnra rẹ̀ sì tún dagẹ̀ẹ́rẹ́. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni mò ń ṣe; ìyàtọ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan, mo kọ ọ́ sí páálí kékeré kan tí mo lẹ̀ mọ́ ìdí aago oòrùn tèmi.